Ìṣápá Tí A Fọ̀ Lẹ́ẹ̀kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Kẹrin

Ẹyin dé lónìí, ọgọ́ta. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹyin adìẹ tó ní àkùkọ lọ́dọ̀ ni, kì í ṣe ẹyin jíjẹ lásán. Mo gbé wọn lé itan nínú kéékè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti Umarari títí dé ẹnubodè yunifásítì Maiduguri. Mo ní kí awakọ̀ rọra máa bọ́ sínú kòtò. Ó wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Malam, ẹyin wúrà ni?" Mo ní ó ju wúrà lọ. Ó rọra wà á lóòótọ́.

Dókítà Ọlápàdé, tó ń darí ìwádìí mi, ti tan àpótí ìsàba sílẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n tún iṣẹ́ náà là sílẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ábídí: a fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó wà nínú ìṣápá, tí gbogbo ayé ń jẹ tí wọ́n sì ń mu láìbẹ̀rù nítorí pé inú oko ló ti wá, lè pa ọlẹ̀ lára kó tó di ọmọ. A ó fún ọlẹ̀ inú ẹyin ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, a ó dúró, a ó sì là á wò.

"Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi, Bísíríyù," ni wọ́n wí. "Má fẹ́ràn ìdáhùn kankan ṣáájú."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Mo gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ràn ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ìṣápá jàre.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí Màámi jẹ ọbẹ̀ ìṣápá Ìyá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Òkè-Ọ̀pọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oyún oṣù méje ti bàjẹ́ lára wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìṣápá síta nínú ilé wa, ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn sọ ọ́. Láti ìgbà náà, tí Màámi bá ti Ìlọrin wá sílé, ìkòkò tiwọn ni wọ́n ń gbé dání, wọ́n á dá iná tiwọn lẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà kò sì gbin ìṣápá mọ́. Ogún ọdún rèé.

Mi ò sọ èyí fún Dókítà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Pẹ́ńsùlù ni mo fi sàmì sára ẹyin. Èédú ni Ìyá Àgbà máa ń lò. Tí adìẹ bá fẹ́ sàba, wọ́n á fi èédú fa ìlà yí ẹyin kọ̀ọ̀kan ká, kí adìẹ mìíràn má baà wá yé tirẹ̀ mọ́ ọn kí a má mọ̀. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, wọ́n á pè mí sí ẹnu ọ̀nà ní kùtùkùtù, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ihò, wọ́n á gbé ẹyin síwájú oòrùn. "Wá wò ó. Ó ti lẹ́jẹ̀." Mo máa ń rí òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké bí gbòǹgbò koríko. Ọwọ́ wọn á máa rùn irú.

Iná fóònù la fi ń wò ó níbí. Ohun kan náà la ń rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ooru yìí ti kúrò ní ti ẹ̀dá. Omi ẹ̀rọ tó wà ní agboolé tí mo ń gbé ní Bolori gbóná débi pé mo fi po gààrí, ó sì di ẹ̀bà. A gún ẹyin lábẹ́rẹ́ lónìí. A fún àwọn kan ní omi lásán, a fi díẹ̀ sílẹ̀ láìgún, a sì fún àwọn yòókù ní omi ìṣápá tí a fi ọtí líle yọ, tí a jẹ́ kó gbẹ títí ó fi nípọn bí oyin. A fi ìda àbẹ́là dí ojú ihò.  

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Gbogbo rẹ̀ ti kú.

Iná kò sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pa wọ́n. Níbòmíràn, bí iná bá lọ, ẹyin á tutù. Ní Maiduguri, yàrá fúnra rẹ̀ ló gbóná ju adìẹ lọ, kò sì sí ohun tó lè bu ooru kúrò nínú àpótí. Àwọn tí a fún ní omi lásán kú, àwọn tí a fún ní ìṣápá kú, àwọn tí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn kú.

Mùtàlíbù tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí wò wọ́n, ó mi orí. Maiduguri ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀ ti wá, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì máa ń dá dúró lọ́nà láti mí. "Wallahi, Bísíríyù, o ti se ẹyin fún gbogbo ẹ̀ka yìí. Iyọ̀ ló kù."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ ra omi tútù wá, ó fi ọ̀rá omi náà lé mi lọ́rùn, ó ní, "To, má bínú. Ẹyin ló kú, kì í ṣe èèyàn."

Mo ní kó gbé ẹnu sọ́hùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Dókítà bi mí léèrè ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. "Nílé yín, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?" Mo ní ẹ̀gúsí ni wọ́n ń fi sí i. Wọ́n ní, "Rárá, kó tó dé orí ẹ̀gúsí." Mi ò mọ̀. Mo jẹ ẹ́ títí, mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n wádìí, kí a fi ẹgbẹ́ kan kún un nígbà tó ń bọ̀ tí yóò gba ìṣápá bí ó ṣe ń wọ inú ọbẹ̀, kì í ṣe bí ọtí líle ṣe yọ ọ́. "Kò sẹ́ni tó ń fi ṣíbí jẹ ohun tó nípọn bí oyin yẹn."

Mo pe Ìyá Àgbà.  Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ìṣápá ṣe?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé ni, Màmá."

"Ilé ìwé wo ló ń se ìṣápá?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi."

Wọ́n sọ ọ́, ohùn wọn tẹ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan: "Sè é pẹ̀lú káún díẹ̀. Da omi àkọ́kọ́ nù. Fọ̀ ọ́, fún un. Tún sè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá kan mọ́ lẹ́nu, ó ti tó." Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá mo ń jẹun, wọ́n sì pa fóònù kí n tó dáhùn.

Mo rántí ìgbà tí ohùn wọn kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ìṣápá. Ìgbà ọyẹ́ la máa ń já a. Gbogbo àwa ọmọ ilé á jókòó yí ẹní ká, a ó máa fi igi tí a gbẹ́ lẹ́nu ti hóró inú rẹ̀ jáde, ìka á máa yún wa. Ìyá Àgbà á máa pa àlọ́, wọ́n á sì máa dúró lágbedeméjì kí wọ́n lè bú ẹni tó bá ń sùn. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé la máa ń sá a sí. Láti ọ̀nà odò, o lè rí àpáta náà tó funfun bí ẹni pé wọ́n sá aṣọ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A gbé àpótí kúrò lọ́dọ̀ fèrèsé. Yàrá ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan wà lẹ́yìn, ògiri rẹ̀ nípọn, amọ̀ ni. Mo ra àmù méjì ní ọjà, mo pọn omi sí wọn, a fi àpò tó tutù bo ògiri. Ẹ̀gbẹ́ àmù ni adìẹ Ìyá Àgbà máa ń sàba sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò mọ ohun tó mú mi gbàgbé. Ooru ibẹ̀ wálẹ̀ débi pé àpótí tún ní iṣẹ́ ṣe. Mùtàlíbù wọlé, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ń gbé ibùsùn òun bọ̀.

Mo rí ìṣápá funfun ní Monday Market, irú tiwa gan-an. Níbí, pupa ló pọ̀, èyí tí wọ́n ń fi ṣe sobo mímu.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹyin tuntun wọ inú àpótí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún

Abẹ́rẹ́. Ẹgbẹ́ mẹ́ta, ẹyin méjìlá méjìlá: omi lásán, èyí tó nípọn, àti omi inú ìṣápá tí mo sè tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí Ìyá Àgbà ṣe wí.  A kí ìrun Jímọ̀ tán kí a tó parí.

Nígbà tí mo ń se ìṣápá náà lórí sítóòfù yàrá ìwádìí, òórùn káún àti ìṣápá gba gbogbo ọ̀nà. Mo ní láti jáde síta díẹ̀. Mùtàlíbù rò pé èéfín ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Mo mu sobo lọ́dọ̀ Mùínátù tó ń tà á ní Post Office. Yorùbá ni òun náà, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń bú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní ó ń dùn jù. Mùtàlíbù ti lọ ròyìn iṣẹ́ wa fún un.

"Kai, Yaya Bísíríyù! Wọ́n ní o ń fi sobo mi pa ọmọ adìẹ."

"Kì í ṣe sobo rẹ."

"Kí n má tà á mọ́?"

"Tà á. Mi ò tíì mọ nǹkan kan."

"Ọdún mélòó lo ti wà ní ilé ìwé tí o kò tíì mọ nǹkan kan?" Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ó fi yìnyín kún tèmi, kò sì gba owó yìnyín. Ọgọ́rùn-ún náírà ni yìnyín ìwọ̀n ìkúùkù báyìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá

A là wọ́n lónìí.

Èyí tó nípọn: mẹ́jọ kú nínú méjìlá. Mẹ́rin tó yè kéré, ẹsẹ̀ wọn kúrú, ìyẹ́ kò tíì jáde lára wọn bó ṣe yẹ. Mi ò fẹ́ràn rírí wọn. Dókítà wò wọ́n pẹ́, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ̀ ọ́ sínú oògùn fún aláboyún gbọ́dọ̀ kà á.

Omi lásán: mẹ́wàá yè, méjì kú.

Ìṣápá Ìyá Àgbà: mẹ́wàá yè, méjì kú. Wọ́n ń tàpá. Mo gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń mí.

"Àwọn méjì tó kú nínú omi lásán ńkọ́?" ni mo bi Dókítà. "Ṣé mo ṣì wọ́n gún ni?"

"O kò ṣì wọ́n gún. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹgbẹ́ omi lásán." Mi ò tẹ́tí gbọ́ wọn dáadáa. Ọkàn mi ti wà lórí fóònù.

Abẹ́ igi dógóńyárò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka ni mo ti pe Ìyá Àgbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí: pé èmi ló yan iṣẹ́ yìí fúnra mi, pé nítorí wọn ni, pé mo se ìṣápá bí wọ́n ṣe ń sè é gan-an, pé kò pa ọlẹ̀ kankan lára. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá tún wò wọ́n lójú wá bá mi ní Maiduguri.

 Mo rò pé ìpè ti já.

"Màmá?"

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ ṣe ní kí n ṣe."

"Ọdún yẹn, kànga gbẹ," ni wọ́n wí. "Ọkàn ìyá rẹ ń fà sí ìṣápá, kò lè jẹ nǹkan mìíràn. Omi tó kù nínú àmù kò ju igbá kan lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọ̀ ọ́, Bísíríyù. Ó ṣì kan. Mo fi iyọ̀ àti ẹ̀gúsí bò ó, mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́, ó sì dúpẹ́."

  Wọ́n ní, "Máa jẹun o," wọ́n sì lọ.

Mo ti rò láti ogún ọdún yìí wá pé àwọn èèyàn ló ń dá wọn lẹ́bi. Àwọn fúnra wọn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta: ìṣápá tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní kò sí ẹyin, kò sí àyè, ìparí oṣù Kẹfà ni mo gbọ́dọ̀ kó ìwé mi sílẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ṣé mo gbọ́ ohun tí àwọn wí. Mo ní mo gbọ́, mà, mo sì ṣì fẹ́ ṣe é.

"Kí ló dé?"

Mo sọ fún wọn. Gbogbo rẹ̀. Mo wo ilẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn náà máa ń se ìṣápá ní Ìsánlú, àwọn kò jẹ ẹ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n sin ín.

"Ẹyin kì í ṣe èèyàn, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí o bá rí kò lè sọ ohun tó pa ọmọ yẹn."

"Mo mọ̀, mà."

"Bó bá sì burú ńkọ́? Ṣé o ó lè sọ fún un?"

"Ìbéèrè ni Ìyá Àgbà bi mí. N kò lè máa yẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn kan: èmi kọ́ ni yóò gún abẹ́rẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, n kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ èwo títí a ó fi là wọ́n. Mùtàlíbù ni yóò gún un. "Nítorí pé o ti fẹ́ràn ìdáhùn kan, olórí kunkun." Mo gbà pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá ẹyin tó ní àkùkọ. Ogún péré ni mo rí tó dára. Mẹ́wàá fún omi lásán, mẹ́wàá fún ìṣápá. Wọ́n ti wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo se ìṣápá, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tọ́ ọ wò. Ó kan débi pé eyín kan mí. Báwo ni Màámi ṣe jẹ ẹ́? Mùtàlíbù ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, ó gún abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ tó ń fi Hausa kọrin. Mo kànkùn pé kó yé kọrin, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. Ó ní, "Haba, lọ jókòó, baba ọmọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ìjì iyanrìn lọ́sàn-án. Ojú ọ̀run pupa bí epo, lẹ́yìn náà ó dúdú. Èmi àti Mùtàlíbù fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí kó má baà ṣí. Òjò díẹ̀ tẹ̀lé e, ẹ̀kán mélòó kan péré, ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ dìde. Mo rántí ilé. Ooru àpótí kò yẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà. Iléyá

Mo kírun ní Bolori, mo sì lọ yí ẹyin. Gbogbo èèyàn ti lọ sílé. Wọ́n ń sun ẹran káàkiri, èéfín rẹ̀ wọ inú yàrá ìwádìí. Nílé báyìí, àwọn ọmọ á ti máa jà sí ìwo àgbò. Ìyá Àgbà á ti pín ẹran sí ọ̀nà, wọ́n á ti fi ẹ̀dọ̀ pamọ́ fún mi, wọ́n á sì máa purọ́ pé ológbò ló gbé e.

Lubabah, ìyàwó onílé wa, gbé ẹran wá bá mi títí dé ẹnubodè. Ó ní, "Ọkùnrin wo ló ń fi ẹyin ṣọdún?"

Màámi pè lọ́sàn-án. Òkè-Ọ̀pọ́n ni wọ́n ti ṣọdún, wọ́n jáde sí ọ̀nà odò kí wọ́n lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n ní Ìyá Àgbà kò jẹ ẹran, wọ́n kàn jókòó. "Wọ́n ní ìwọ ló pè wọ́n nípa ìṣápá. Kí lo sọ fún wọn, Bísíríyù? O mọ ẹnu rẹ."

Mo sọ ohun tí mo sọ, mo sì sọ ohun tí wọ́n dá mi lóhùn.

Màámi ní, "Wọ́n rò pé àwọn ni?"

"Ta ni kò rò bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin náà ń gbé ìkòkò yín dání."

"Ìkòkò mi?" Ohùn wọn lọ sókè. "Òórùn rẹ̀ ni mi ò lè gbà! Ìṣápá ni mo jẹ kẹ́yìn tí ọmọ yẹn ṣì ń tàpá nínú mi. Ọwọ́ mi ṣì wà lára abọ́ nígbà tó tàpá kẹ́yìn. Bí mo bá wọ ilé ìdáná yẹn, mi ò rí nǹkan mìíràn. Mi ò dá Ìyá lẹ́bi rí, lọ́jọ́ kan. Mo rò pé wọ́n mọ̀."

"Wọn ò mọ̀."

"Ogún ọdún?"

"Màámi, ẹ padà wọlé, kí ẹ sọ fún wọn."

"Ojú ń tì mí."

"Kó máa tì yín lọ. Ẹ wọlé."

Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń padà sí Ìlọrin. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wọlé lọ sọ ọ́.

Mo jókòó ti àpótí. Mo gbàdúrà, lẹ́yìn náà mi ò mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an. Dókítà ní kí n má fẹ́ràn ìdáhùn kankan. Ó nira.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Èmi ni mo là wọ́n, láìmọ èwo ni èwo. Mo ń pe ohun tí mo rí, Dókítà ń gbọ́: yè, yè, kú, yè. Ojú Mùtàlíbù dúró gan-an bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Nígbà tí a parí, Dókítà pín wọn sí méjì.

Omi lásán: mẹ́jọ yè, méjì kú.

Ìṣápá tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan: méje yè, mẹ́ta kú. Àwọn méje náà pé, ẹsẹ̀ wọn gùn, ìyẹ́ wọn ti jáde.

"Ọ̀kan kì í ṣe ìyàtọ̀," ni Dókítà wí. "Bí o bá tún un ṣe lọ́la, ó lè yí padà."

"Ṣùgbọ́n ọ̀kan lé."

"Ọ̀kan lé." Wọn kò bá mi jiyàn.

Mo gbé ẹyin tó kú lọ sẹ́yìnkùlé, mo sin wọ́n. Mùtàlíbù kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá mi wa ilẹ̀.

Mo gba Post Office kọjá lọ sílé. Mo sọ fún Mùínátù pé kó má jẹ́ kí aláboyún kankan ra èyí tí wọ́n mú gbẹ tó nípọn, tí wọ́n ń tà bí oògùn. Ó ní, "O ti wá mọ nǹkan kan nìyẹn." Mo ní ó kéré.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo ti ro oríṣiríṣi ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbé fóònù lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo sọ ọ́ bó ṣe wà.

"Màmá, ẹyin mẹ́wàá ni a fún ní omi ìṣápá tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Méje yè, mẹ́ta kú. Mẹ́wàá la fún ní omi lásán. Mẹ́jọ yè, méjì kú."

"Ọ̀kan lé."

"Ọ̀kan lé. Ọ̀gá mi ní ọ̀kan kì í ṣe nǹkan, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Mi ò sì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn. Ẹyin adìẹ ni mo mọ̀."

Mo gbọ́ ìmí wọn. Adìẹ kan ń ké lẹ́yìn wọn.

"Àwọn méjì tó kú nínú omi lásán," ni wọ́n wí, "kí lẹ fi sínú omi náà?"

"Kò sí, Màmá. Omi ni."

"Omi nìkan?"

"Omi nìkan. Omi tó mọ́."

"Kí ló wá pa wọ́n?"

Mo ya ẹnu láti dáhùn, ìgbà náà ló tó yé mi, èmi tí mo ti ń sàba ẹyin láti oṣù Kẹrin, ìdí tí a fi ń ní ẹgbẹ́ omi lásán.

"Kò sí ohun tó pa wọ́n, Màmá. Wọ́n kàn kú ni. Gbogbo ìgbà tí a bá sàba la máa ń rí wọn. Kò sẹ́ni tó ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Wọ́n kàn kú ni." Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n tún sọ ọ́, jẹ́jẹ́, ẹnì kan sì dá wọn lóhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò gbọ́ ohun tó sọ.

 Owó ìpè mi ń lọ, mo jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, wọ́n ha ọ̀fun wọn. "Òjò ti rọ̀ níbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilẹ̀ ẹ̀yìn àpáta yẹn ti rọ̀ dáadáa. Ṣé wọ́n ń ta irúgbìn ìṣápá ní Maiduguri yín yẹn?"

"Ó pọ̀ bí iyanrìn, Màmá."

"Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Kí n tó sọ pé mo gbọ́, ohùn kan ké láti ẹ̀gbẹ́ fóònù, ohùn ẹni tí ó yẹ kó ti padà sí Ìlọrin láti ọjọ́ Ajé:

"Ẹ sọ fún un pé funfun o! Kó má lọ ra pupa fún wa!"